Oníná, púlọ́ńbà, oníntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ iṣẹ́ ni gbogbo wọn ń wá: báwo lẹ ṣe ń ṣe é n'Íbàdàn?

Ayálégbé, Àkóbọ̀

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹni tó ń jáde nílé ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, tó jẹ́ pé aago méje alẹ́ ló ń wọlé, báwo ló ṣe fẹ́ pàdé àwọn tó ń bọ̀ wá so mítà, àwọn tó ń bọ̀ wá tún ẹ̀rọ omi ṣe, tàbí àwọn tó fẹ́ fa íntánẹ́ẹ̀tì wọlé? Gbogbo wọn ló ń sọ pé "à ń bọ̀ lọ́la", kò sí èyí tó ń dá aago. Téèyàn bá gba àyè níbi iṣẹ́, á jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí wọ́n bá sì wá bá géètì ní títì, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ni nílé, iṣẹ́ náà á tún padà sí ìdí ìlà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí látinú, ẹ jọ̀ọ́: kí ló yẹ kó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé, ta ló yẹ kó dúró dè wọ́n, ọjọ́ wo ló sì dáa jù?

Oníṣẹ́ iná, Mọ̀lété

Ẹ kú àárọ̀ o. Ìbẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kì í ba ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ jẹ́. Ìbẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ń bà á jẹ́, èyí tí wọ́n ní láti tún wá nítorí pé ilé ò tíì ṣetán nígbà àkọ́kọ́. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá ni ohun tó lè mú kí wọ́n yí padà lẹ́nu géètì yín. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ yára mú un kúrò.

Ẹ jẹ́ ká mú mítà prípéédì, torí òun ló ń gba ọjọ́ jù. Ìpele márùn-ún ló ní: ìforúkọsílẹ̀, àyẹ̀wò ilé, owó sísan, síso mítà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé nọ́ńbà mítà wọ inú kọ̀ǹpútà wọn kẹ́ ẹ tó lè ra tókìn. Méjì péré nínú márààrún ló nílò èèyàn nílé. Orí fóònù lẹ ti lè forúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì sanwó, ẹ má fi àyè ibi iṣẹ́ ṣòfò lórí ìyẹn. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ibi tí bíréékà ńlá wà, tó sì lè ṣílẹ̀kùn, ti tó. Ọjọ́ tí wọ́n máa so mítà ni kẹ́ ẹ fi àyè tẹ́ ẹ ní pamọ́ dè.

Ìlànà NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, lórí ètò MAP, èyí tí oníbàárà fi ń san owó mítà fúnra rẹ̀, sọ pé kí wọ́n so ó láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 lẹ́yìn tí owó bá wọlé. Ọjọ́ iṣẹ́ ni o. Sátidé, Sọ́ńdè àti ọlidé ò sí nínú ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nìyẹn. Ẹni tó bá ní lìífù ọ̀sẹ̀ méjì níwájú, ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú lìífù náà ni kó sanwó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sanwó lọ́jọ́ tí owó bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, gbogbo ọjọ́ 10 yẹn á wá bọ́ sáàárín iṣẹ́.

Wáyà ló ń lé àwọn tó ń so mítà padà jù. Nínú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí wọ́n ti pín sí fúláàtì, yàrá kan lókè lè máa mu iná láti ìsàlẹ̀, láìsí ẹni tó mọ̀. Mítà kan, wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ ẹ. Nígbà tí iná bá wà, ẹ pa bíréékà ńlá yín, kẹ́ ẹ wọ yàrá kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù tó bá ṣì ń tàn, ilé ẹlòmíì ló ti ń mu iná. Àmọ́ ìyẹn ò lè fi ti níútírà hàn, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà jáde. Fún níútírà, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná yín fi kíláǹpù mítà rẹ̀ di wáyà láìfù, èyí tó ń gbé iná wọlé, àti ti níútírà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí fíríìjì tàbí áyọ́ọ̀nù ń ṣiṣẹ́ nínú ilé. Òdo ló yẹ kó kà. Tó bá ka nọ́ńbà gidi kan, iná tó gba ọ̀dọ̀ yín wọlé ń gba ọ̀dọ̀ ará ilé jáde nìyẹn, níútírà yín ti lẹ̀ mọ́ tiwọn. Bí wọ́n bá so mítà tuntun sórí irú wáyà bẹ́ẹ̀, àmì pé wọ́n fọwọ́ kan mítà á máa yọ lójú ẹ̀, ẹ ó sì tún pe ìbẹ̀wò mìíràn.

Jẹnẹrétọ̀ náà ò gbọ́dọ̀ gba inú mítà kọjá. Ẹ̀yìn mítà, lọ́dọ̀ọ ilé, ni ṣéńjófà ń wà.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í rò: iná gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó lè dán mítà wò kí wọ́n tó lọ. Ládúgbò Band A, tó yẹ kó máa rí iná wákàtí 20 ó kéré tán lóòjọ́, kò sí wàhálà. Band D, wákàtí 8 ni. Band E, wákàtí 4. Ẹni tó bá wà ní méjèèjì yìí, kó kọ àsìkò tí iná ń dé sílẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kó tó dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, Alákíà

Ọ̀gá oníná ti sọ ti inú ilé, ẹ jẹ́ n sọ ti ìta. Àdírẹ́sì Ìbàdàn kì í mú èèyàn délé. Nọ́ńbà tí wọ́n kùn sára ògiri, irú SW8 tàbí NW4 yẹn, awakọ̀ tó gbé àkàbà sórí mọ́tò ò lè fi wá ilé. Ẹ dúró sí ẹnu géètì yín gan-an, kẹ́ ẹ fi ibi tẹ́ ẹ wà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ má lo èyí tó ń rìn tẹ̀lé yín, torí kì í kọjá wákàtí 8 tó fi ń kú, ẹ̀yin náà á sì ti gbé e lọ síbi iṣẹ́. Fún àwọn oníná, ẹ fi orúkọ tiransifọ́mà tó ń fún yín níná kún un. Òun ni wọ́n fi ń pín iṣẹ́ láàárọ̀.

Ẹ sọ fún gáàdì ẹ̀sítéètì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń bọ̀ fún un. Gáàdì tí wọn ò sọ fún á lé wọn, kò sì ṣẹ̀.

Ẹni tẹ́ ẹ bá fi sílé, ẹ fún un níwèé. Ìwé náà ò ju báyìí lọ:

"Èmi tí mò ń gbé fúláàtì kejì nílé yìí, tí nọ́ńbà àkáǹtì iná mi wà lókè ìwé yìí, fún ẹni tó mú un lọ́wọ́ láṣẹ láti ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó wá so mítà lónìí, kó pa bíréékà, kó sì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù wọn. Kò láṣẹ láti san owó kankan. Ohunkóhun tó bá di ti owó, ẹ pè mí."

Ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sí i, kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú. Tó bá jẹ́ orúkọ onílé ló ṣì wà lórí bíìlì iná, ẹ ti gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ onílé náà ṣáájú àyẹ̀wò. Mi ò fara mọ́ ọn kí wọ́n fi ọmọ iléèwé sílẹ̀ de irú àlejò bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà ni, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó lè sọ pé "ẹ dúró ná".

Nọ́ọ̀sì, Agodi

Ẹ ṣeun. Àmọ́ ti lìífù ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ò ní in láti ná. Ohun tí òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa là kalẹ̀ ni ọjọ́ iṣẹ́ 6 tó lówó nínú, lẹ́yìn tí èèyàn bá ti ṣiṣẹ́ oṣù 12. Ẹni tó ń bẹ lórí ọjọ́ 6 ò lè fi gbogbo ẹ̀ jókòó de mítà. Ààbọ̀ ọjọ́ ni kẹ́ ẹ máa tọrọ, kó sì jẹ́ ti àárọ̀. Àwọn tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ péjọ sí ọ́fíìsì, wọ́n á pín ilé, wọ́n á kó irinṣẹ́. Ẹ pe ọ́fíìsì àdúgbò yín lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú tàbí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kẹ́ ẹ bẹ̀ wọ́n kí ilé yín jẹ́ àkọ́kọ́ lórí ìlà. Ilé àkọ́kọ́ ló máa ń rí wọn lásìkò, torí ilé tó bá ṣáájú ló ń dá èyí tó tẹ̀ lé e dúró.

Ìdí kejì ni òjò. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ni òjò ńlá sábà máa ń rọ̀ n'Íbàdàn. Kò sẹ́ni tó máa gun òpó nínú òjò. Ẹni tó bá gba àyè ọ̀sán lásìkò yìí, àfàìmọ̀ kó má jókòó lásán.

Fún àwa tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ẹ má dá ọjọ́ fún wọn sí àárọ̀ tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ẹni tó ti sùn lọ kì í gbọ́ agogo géètì. Ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ ló dáa.

Púlọ́ńbà, Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí omi. Ọ̀pọ̀ ìbẹ̀wò tí púlọ́ńbà ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì, torí pé kò mọ ohun tó máa rà dání ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yín lálẹ́ lè gba ọjọ́ kan sílẹ̀.

Tí pọ́ńpù bohóòlù, èyí tá à ń pè ní súmò, ò bá gbé omi, ẹ kọ́kọ́ wo bíréékà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gun ibi táǹkì, kẹ́ ẹ rọra fa bọ́ọ̀lù tó léfòó nínú rẹ̀ sísàlẹ̀. Tí pọ́ńpù bá tan, bọ́ọ̀lù ló há, kò sí ohun tó ṣe pọ́ńpù. Tí kò bá tan rárá, ẹ fetí sí ẹnu bohóòlù àti àpótí ìdarí rẹ̀. Tó bá ń kùn hùn-ùn láìṣí, kàpásítọ̀ ló máa ń jẹ́, tàbí kí iná má lágbára tó. Tó bá ń ṣiṣẹ́ tí omi ò sì jáde, omi ti lọ sílẹ̀ nínú kànga, tàbí páìpù ti já nísàlẹ̀. Lóṣù kejì sí ìkẹta, ẹ kọ́kọ́ ronú kan omi tó lọ sílẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò méjì: ọ̀kan ti bébà tàbí irin pẹlẹbẹ tó wà lára àpótí pọ́ńpù, tó sọ iye hóòsì àti fóltì, èkejì ti kàpásítọ̀, ọ̀pá dúdú tàbí funfun kan tó tó àtàǹpàkò méjì, tí wọ́n kọ nǹkan bíi 35µF àti 450V sí lára. Bí orí ẹ̀ bá ti wú, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ o, kódà tẹ́ ẹ bá ti pa iná, torí ó ṣì ń di iná mú fúngbà díẹ̀. Nọ́ńbà µF tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu, fóltì rẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ kéré sí i. Tẹ́ ẹ bá fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́, púlọ́ńbà á ra á lọ́jà kó tó dé, ó sì máa tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó pààrọ̀ ẹ̀ tán. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọ́fíìsì ló lè wá ṣe é.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fa pọ́ńpù jáde nínú kànga, iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́ nìyẹn, èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ló ń ṣe é. Ẹ fi sí Sátidé. Ẹ sọ iye páìpù tí wọ́n fi sọ pọ́ńpù kalẹ̀ fún wọn tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ sì pọn omi sínú dúrọ́ọ̀mù lálẹ́ Jímọ̀. Tí ò bá dájú pé iná máa wà, ẹ wá jẹnẹrétọ̀ tó tó 2.5 kVA sí 3 kVA fún pọ́ńpù hóòsì kan. Jẹnẹrétọ̀ kékeré "I pass my neighbour" ò lè gbé e dìde, torí iná tí pọ́ńpù ń fà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ pọ̀ gan-an ju ti ìgbà tó ń lọ.

Ẹ̀yin tí omi ìjọba ṣì ń dé ọ̀dọ̀ yín láti Ẹlẹ́yẹlé tàbí Aṣéjìrẹ́, ẹ mọ ibi tí fáàfù tó ń pa omi ilé yín wà lẹ́bàá ojú títì. Ẹ tú ilẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ ṣáájú. Wọ́n lè fi wákàtí kan wá a.

Onífáíbà, Olúyọ̀lé

Ti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ wo ojú àpótí kékeré tí wáyà tín-ínrín wọ̀. Ẹ ó rí iná kékeré méjì tí wọ́n kọ PON àti LOS sí níbẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá dáa, PON á tàn gbọin láwọ̀ ewé, LOS ò ní tàn. Bí LOS bá ń tàn pupa, wáyà ti já tàbí ó ti ká jù níbì kan, ẹ ní láti pè wọ́n. Tí PON bá ń ṣẹ́jú tí LOS sì kú, ọ̀dọ̀ tiwọn ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń wà, wọ́n lè tún un ṣe láti ọ́fíìsì. Tí méjèèjì bá dáa, ẹ wo owó oṣù yín kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń pè, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa sọ ni ohun tí LOS ń ṣe, torí èyí ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá kí wọ́n rán ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń lẹ fáíbà, àbí ẹni tó kàn máa pààrọ̀ àpótí.

Ẹ má ká wáyà yẹn kéré ju agolo mílíìkì lọ. Àwọn ọmọ ilé máa ń dì í bí okùn sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, iná inú rẹ̀ á bá jò jáde níbi tó ti ṣẹ́.

Tó bá jẹ́ fífà wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun mẹ́ta ló ń dá wọn padà: onílé ò gbà kí wọ́n lu ògiri, sọ́kẹ́ẹ̀tì ò sí nítòsí, wáyà máa kọjá lórí ilẹ̀ ẹlòmíì. Ẹ yanjú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ihò máa wà. Nípa báyìí, ẹni tó bá wà nílé ò ní máa pè yín láàárín ìpàdé.

Ìyá onílé, Bódìjà

Ẹ fi ti DStv kún un. Tí E16 bá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, owó ni, ẹ má pe ẹnikẹ́ni. E48-32, àmì ò wọlé: ẹ jẹ́ kí òjò dá ná, kẹ́ ẹ wo bóyá wáyà ẹ̀yìn àpótí ti tú. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ tó wá ẹni tó máa gùn.

Èrò ọkọ̀ ojú irin, Mọníyà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó tó jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ lẹ ń délé, ẹ ya iṣẹ́ sí méjì. Iṣẹ́ tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá, tí wọ́n ń wá lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ fi lé ẹni tó ní ìwé àṣẹ yẹn lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó jẹ́ ti oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò, ẹ kó gbogbo ẹ̀ jọ sí Sátidé kan. Ẹ tò wọ́n dáadáa: oníṣẹ́ iná ló ń kọ́kọ́ wá, torí ó máa pa iná ilé, púlọ́ńbà tẹ̀ lé e nígbà tí iná bá ti padà, onífáíbà kẹ́yìn, kó lè dán tirẹ̀ wò. Ẹ fi wákàtí méjì sáàárín wọn. Tí Sátidé yẹn bá bọ́ sí ti ìmọ́tótó àyíká, ẹ sún gbogbo ẹ̀ sí ìgbà tí wọ́n bá ti ṣí ọ̀nà.

Ayálégbé, Àkóbọ̀

Ẹ kú ìmọ̀ràn o, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Ó ku ìbéèrè kan: tí wọ́n bá dé tán tí wọ́n ní kí ẹni tó wà nílé mú owó wáyà tàbí owó mọ́tò wá ńkọ́?

Oníṣẹ́ iná, Mọ̀lété

Ìdí nìyẹn tí akọ̀wé fi kọ ọ́ pé ẹni tó wà nílé ò láṣẹ owó. Owó mítà MAP, síso rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ní ohun kan kù, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ san án sínú àkáǹtì ilé iṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì. Káàdì ìdánimọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn lẹ́nu géètì. Aṣọ tó ń dán lára wọn nìkan ò tó. Tí wọ́n bá ní àwọn ò so ó torí owó, ẹ gba orúkọ, ọjọ́ àti aago, kẹ́ ẹ fi ẹjọ́ sun ẹ̀ka oníbàárà wọn, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà. Tí ìyẹn ò bá yanjú ẹ̀, ẹ gbé ẹjọ́ náà lọ bá àjọ tó ń ṣàkóso iná ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Kí wọ́n tó kúrò, ẹni tó wà nílé gbọ́dọ̀ ya fọ́tò mẹ́ta: nọ́ńbà mítà, iye tó kà lọ́jọ́ yẹn, àti èdìdì tí wọ́n fi dì í. Láìsí èdìdì, ẹ̀yin ni wọ́n máa bi lọ́la.

Nọ́ọ̀sì, Agodi

Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn tí mítà wọn ò gba tókìn mọ́ ńkọ́? Àwọn náà ń dúró de ìbẹ̀wò.

Oníṣẹ́ iná, Mọ̀lété

Ọ̀pọ̀ wọn ò nílò ìbẹ̀wò kankan. Láti ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá 2024, mítà tí wọn ò tíì yí kọ́kọ́rọ́ inú ẹ̀ padà ò lè gba tókìn tuntun. Ẹ bi ilé iṣẹ́ iná yín bóyá KCT, tókìn tó ń yí kọ́kọ́rọ́ náà padà, wà fún nọ́ńbà mítà yín. Tókìn méjì ni, nọ́ńbà 20 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ àkọ́kọ́, ẹ tẹ èkejì, ẹ wá tẹ èyí tẹ́ ẹ rà. Ẹ má yí wọn pò, torí tẹ́ ẹ bá ti tẹ èyí tẹ́ ẹ rà ṣáájú, kò ní wọlé.

Tó bá jẹ́ àpótí tẹ́ ẹ fi ń tẹ tókìn nínú ilé ló ṣókùnkùn, ẹ pààrọ̀ bátìrì ẹ̀ tó bá jẹ́ oníbátìrì. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ rí i dájú pé ṣéńjófà wà lórí iná NEPA nígbà náà. Lórí ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀, kò lè bá mítà tó wà lórí òpó sọ̀rọ̀, torí inú wáyà iná yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ wọn ń gbà. Tí ẹ bá ti gbé e padà sórí iná NEPA, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú méjì kẹ́ ẹ tó tún tẹ ohunkóhun.